Òkè Kan Ṣoṣo Tó Wà ní Ajégúnlẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Èkó kì í ṣe ariwo, kì í ṣe èrò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tẹ́jú ni. Ọmọ Ṣàbẹ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, níbi tí òkè olókùúta ti dúró ti ìlú bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Nílé wa, ọmọdé kì í sọnù. Bó o bá ti gbójú sókè tó o rí òkè, o ti mọ apá ibi tí ilé ìyá ẹ wà. Mo dé Ajégúnlẹ̀, mo gbójú sókè, wáyà iná ni mo rí. Mo wọ̀tún, páànù. Mo wòsì, páànù. Mo wá ń yí lójú kan bí òkòtó títí ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì fi bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òkè dà?" Ìyá náà nàka sójú ọ̀run, ó ní kí n máa gbàdúrà.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Èkó ò yéé dárúkọ òkè. "Máa lọ sókè díẹ̀ sí i, wàá rí ṣọ́ọ̀ṣì kan." Mo wo iwájú, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. "Sọ̀ kalẹ̀ ní Boundary, kó o wá padà sísàlẹ̀." Kí ni mo gùn tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ní kí n ti sọ̀, àti pé òkè tiwọn ò ju iwájú lọ. Yorùbá kan náà là ń sọ, ohun tó sì mú un le nìyẹn. Ká ní èdè Faransé ni wọ́n ń sọ sí mi, ǹ bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ.

Wọ́n tilẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà bú mi, n kò mọ̀. "Ará òkè ni bọ̀bọ́ yìí o!" Ìwúrí ni mo kà á sí. Mo ń dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ará òkè ni mí, ọmọ Ṣàbẹ!" Ẹ̀rín á bú láàárín wọn, èmi náà á bá wọn rín in dáadáa, mo rò pé òkè wa ló wù wọ́n. Nígbà tí mo fi mọ̀ pé ará oko tí ojú ẹ̀ ò là ni wọ́n ń pè ní ará òkè, ó ti mọ́ mi lára, n kò lè fi sílẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí mo rí, ọ̀dọ̀ awọnlẹ̀ kan ní Apápá ni. Adégòkè lorúkọ ọ̀gá, ọkùnrin kúkúrú, abikùn bí àmù, tó jẹ́ pé ibi tó bá ti rẹ́rìn-ín, fìlà ẹ̀ á jábọ́. Èmi àti Sọ́ńdè la jọ ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ Ùròbò ni Sọ́ńdè, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ di yẹ̀yẹ́. Ọ̀pá gbọọrọ kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti dúdú kọ nọ́ńbà sí lára ni iṣẹ́ tèmi. Èmi á dì í mú kó dúró ṣánṣán, ọ̀gá á máa wò ó láti ọ̀ọ́kán nínú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á sì mọ bí ibi tí mo dúró sí ṣe ga tó sí ojú òkun.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kí n gbàgbé. A wà ní ilẹ̀ ńlá kan tí ò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀gá ké sí mi lókèèrè: "Gbé ọ̀pá yẹn lọ sí boundary! Dúró síbẹ̀, má mira títí n ó fi juwọ́ sí ẹ!" Ààlà ilẹ̀ ni ọ̀gá ń sọ. Èmi gbọ́ Boundary, Boundary Ajégúnlẹ̀ tí mo ń gbà kọjá láràárọ̀. Mo gbé ọ̀pá léjìká, mo fẹsẹ̀ rìn ín, mo dé àárín ọjà, mo nà án ró ṣánṣán, mo sì dúró.

Obìnrin kan tó ń ta bàtà òkìríkà wò mí, ó wo ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà sínú àpò. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rí i, òun náà ń tú tàpólì. Ká tó wí ká tó fọ̀, ariwo ti sọ: "Gọ́fúmẹ́ǹtì ti dé o! Wọ́n fẹ́ wó ọjà!" Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe wá bá mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Oga, abeg, shift am small. Make e no reach my shop." Mo ní n kò lè mira, ọ̀gá ò tíì juwọ́. Ìyẹn tún wá dẹ́rù bà wọ́n sí i. Wọ́n gbé àga fún mi, mo kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé mínírà tútù fún mi, ìyẹn ni mo mu, lórí ìdúró.

Ìrọ̀lẹ́ ni Sọ́ńdè tó wá mi débẹ̀, tó rí bí àgbààgbà ọjà ṣe yí mi ká tí wọ́n ń bẹ̀ mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó di ikùn mú. Nígbà tí a padà dé Apápá, ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. "Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ," ó ń nu omijé nù, "ìwọ, àdúgbò mìíràn lo lọ jẹ́ tìẹ!" Mo rò pé wọ́n máa lé mi ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tó lè dúró bẹ́ẹ̀ láìmira, iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni Ọlọ́run dá a fún. Láti ọjọ́ náà, Gọ́fúmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè mí ní Boundary.

N kò ní purọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú. Ohun tó ń dùn mí lálejò kì í ṣe ebi. Pé kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi ni. Nílé, kí n tó kọjá láti ilé dé kànga, ẹni tó máa kí mi á ti fi orúkọ bàbá bàbá mi kún un. Ní Ajégúnlẹ̀, ọjọ́ Sátidé mìíràn á mọ́, á sì ṣú, kò sẹ́ni tó ní ìdí kankan láti pè mí. Mo máa ń jókòó sójú fèrèsé, mo máa ń wo páànù, omijé á sì máa bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà odindi bá ń pariwo "Gọ́fúmẹ́ǹtì, how far?", ara mi á yá gágá, mo máa juwọ́ sí wọn bí ọba.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ní kí n wá fojú sí awò fúnra mi. Mo wò ó, mo kígbe. Gbogbo ayé ló dorí kodò! Sọ́ńdè ń fi orí dúró, ọkọ̀ àjàgbé ń sáré lójú ọ̀run, ọ̀run wá wà nísàlẹ̀ bí odò. Ọ̀gá ní awò àtijọ́ ni, bó ṣe ń fi nǹkan hàn nìyẹn, kí n kà á bẹ́ẹ̀. Mo kà á, mo gbà á. Ọ̀gá ní, "Tó o bá ń ṣe báyìí lọ, màá sọ ẹ́ di awọnlẹ̀." N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á lọ́wọ́ mi, ìyá mi ni.

Omi ló pa bàbá mi. Odò Òpárá ló gbé e lọ ní ọdún tí òjò pọ̀, nígbà tí mo ṣì ń rá kòrò. Kí n tó kúrò nílé, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni ìyá mi bẹ̀ mí: "Má ṣe sùn létí omi. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀ pé etí omi lò ń sùn, ẹsẹ̀ mi ni màá fi wá mú ẹ." N kò sì jẹ́ bá ìyá mi jiyàn, torí èmi nìkan ló ní.

Tẹlifóònù alágbèéká ò tíì dé nígbà yẹn. Ilé tẹlifóònù kan wà ní Apápá tí mo máa ń tò sí lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi á sì ti máa dúró dè mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣàbẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ kí mi tán.

"Ṣé kì í ṣe etí omi lò ń sùn?"

"Rárá, Màmá. Òkè ni mò ń gbé."

Òótọ́ ni mo sọ. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo gbà, nílé Màmá Tími, obìnrin Ìjọ́ kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ìyá mi ké "Hàáà!", ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé ọmọ òun ti rí òkè gbé ní Èkó. Mo rò pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń dùn mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyẹn.

"Òkè ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa."

"Ṣé èèyàn pọ̀ lórí ẹ̀?"

"Àwa mẹ́rin péré ni."

"Ọ̀bọ ńkọ́? Ṣé wọn ò da yín láàmú?"

Mo rò pé àwọn ọmọ Màmá Tími ló ń sọ, torí mo ti ròyìn fún un rí bí wọ́n ṣe ń fò lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Wọ́n ń dà wá láàmú gan-an, Màmá, ṣùgbọ́n mo máa ń ra bisikíìtì fún wọn."

"Bisikíìtì," ó ní. "Èkó mà dùn o."

Ó wá di ọjọ́ kan, nígbà tí òjò ọdún bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Mo ń bọ̀ wá kí ẹ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ gun òkè náà kí eékún mi tó kọ̀ fún mi. Ṣé ó ga tó ti Ṣàbẹ?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wá tò lójú mi lẹ́sẹẹsẹ: afẹ́fẹ́, èèyàn mẹ́rin, ọ̀bọ tó ń jẹ bisikíìtì! Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ná…" Láìnì já.

Mo sáré bá ọ̀gá, mo rò fún un. Ẹ̀yìn ilé Màmá Tími gan-an ni kánáà wà, omi dúdú tí ò lọ tí ò bọ̀. Bí ìyá mi bá rí i, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Fìlà ọ̀gá ti wà nílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ. Ó ní, "Òkè tí mo mọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ò ju èyí tó wà nínú orúkọ mi lọ." Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Gbọ́. Kò sí ilẹ̀ tí ibì kan ò ga ju ibì kan lọ níbẹ̀. Ṣèbí ibẹ̀ là ń wọ̀n báyìí? A ó wá a."

Lóòótọ́, a ti ń wọn òpópónà kọ̀ọ̀kan nígbà náà, láti Olódì-Apápá títí wọ Ajégúnlẹ̀, torí wọ́n fẹ́ la gọ́tà. Sọ́ńdè ò lè pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ kejì, gbogbo Boundary ti gbọ́ pé Gọ́fúmẹ́ǹtì ń wá òkè fún ìyá ẹ̀. Ayé mi! Oníkálukú ló ní òkè tiẹ̀. Pásítọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ló ga jù. Alùfáà kan ní mọ́ṣáláṣí òun ni. Ẹnì kan ní ká lọ wọn ilẹ̀ rélùwéè ní Ìjọ́ra Bàdíyà, wọ́n bú u pé ṣé Bàdíyà náà ni Ajégúnlẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe mú mi lọ sí ojú títì, ó fi gegele tó ń dá mọ́tò dúró hàn mí, kò rẹ́rìn-ín rárá. A wọ̀n, a wọ̀n, ilẹ̀ náà tẹ́ síbẹ̀.

Nígbà tá a jókòó láti jẹun, mo bi ọ̀gá pé kí ló dé tí Ọlọ́run ò fi òkúta kankan síbí. Ó ní Ọlọ́run fi í síbí. Òkúta tó yọrí jáde ní Ṣàbẹ, ó ní, kò parí síbẹ̀. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ wá títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ wa níbi tá a jókòó sí yìí, àfi pé ó ti rì jìnnà, yanrìn àti amọ̀ tí omi kó wá ló bò ó mọ́lẹ̀. N kò lè jẹun mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń sunkún òkè, àṣé orí ẹ̀ ni mò ń sùn. Alẹ́ ọjọ́ náà mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí n tó gun àtẹ̀gùn, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onílé.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìyá mi dé, ọ̀gá ṣírò gbogbo ohun tá a wọ̀n. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó pa á rẹ́. Ó tún un ṣe, ó wò mí. "Ilé ta lo ní ò ń gbé?"

"Ilé Màmá Tími, sà."

"Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló ga jù ní gbogbo ibi tá a wọ̀n."

A ò gbà, a padà lọ wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ náà ni. Màmá Tími jáde sí wa tòun ti ẹja lọ́wọ́. Ọ̀gá bi í bó ṣe jẹ́. "Na me build am now," ó ní. "Since I enter this place, every raining season, I go pour sand. Broken block, I pour. Sawdust, I pour. Water dey climb, me sef dey climb. Ẹ wò ó, omi ò lè wọ ilé mi láíláí!" Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi mọ òkè náà láti ọdún gbọọrọ, pẹ̀lú bẹ́síìnì. Mo dúró lórí ẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀. Ó ga tó orúnkún mi. Èmi àti Sọ́ńdè dì mọ́ra wa, a ń fò bí ọmọ Màmá Tími.

Ìyá mi dé ní ọjọ́ Sátidé. Èmi àti Sọ́ńdè lọ pàdé ẹ̀ ní Máìlì Túù. Ó gbé àpò kan wá tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Sọ́ńdè gbé e léjìká, ọrùn ẹ̀ wọlé. Ìyá mi fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nílé wa láti ayé Faransé. Ó ní, "Mẹ̀sí! Mẹ̀sí o!"

Sọ́ńdè sọ àpò sílẹ̀. "Mama, I swear, no be me! I no mess!" Ó ń tọ́ka sí àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ọpẹ́ ni, pé kò sẹ́ni tó sọ pé ó só. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi nígbà tá a dé orí afárá kánáà. Ìyá mi wo omi. A dé iwájú ilé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí èmi náà ṣe wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Òkè dà?"

Ọ̀gá ti gbé awò kalẹ̀ dè é. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí ó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Èmi gba ọ̀pá mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá Tími, ṣánṣán. Ìyá mi tẹrí ba, ó fojú sí awò. Igbe tó ké, àwọn ọmọ sá wọlé.

"Yéè! Ọmọ mi dorí kodò! Irú ìlú wo lẹ gbé ọmọ mi sí tó fi ń forí dúró?"

Ọ̀gá ṣàlàyé títí, ó fi ìwọ̀n hàn án. Ìyá mi tẹ́tí sí i dáadáa, torí ó mọ ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n òkè tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀ ọ́n, òkè kọ́. Mo rí omi lẹ́yìn ilé yìí." Ó yíjú sí mi. "Lọ di ẹrù ẹ."

Mo lọ dì í. Sọ́ńdè jókòó sórí àtẹ̀gùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òjò ló dá wa dúró. Ọ̀sán gangan ni, ó kàn ya bolẹ̀ bí ẹni da àmù. Láìpẹ́ òpópónà ti di odò. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí, ojú ẹ̀ ò kúrò lára omi. Omi gun òpópónà, ó wọ ilé tó wà lọ́kàn-án-kán, ó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Màmá Tími wá bọ́ síwájú ilé, ó ń pariwo, "Ẹ gòkè! Ẹ gòkè wá! Carry pikin come!"

Gbogbo àdúgbò gòkè. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé rédíò, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá kan gbé ewúrẹ́ sí àyà bí ìyàwó. Fàráńdà kún, àtẹ̀gùn kún, wọ́n ń tì mí, wọ́n ń pè mí ní Gọ́fúmẹ́ǹtì. Omi tẹ̀ lé wọn títí dé ìdí ilẹ̀ tí Màmá Tími kó jọ. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kò gbà á kọjá.

Ìyá mi tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wo ewúrẹ́, ó wo àwọn ọmọ. "Báyìí náà ni ìyá ìyá mi sọ pé ó rí," ó ní. "Nígbà ogun ní Ṣàbẹ. Tọmọtọmọ, tewúrẹ́tewúrẹ́, gbogbo wọn lórí òkè." Ó gba ìkókó kan tí ara ẹ̀ ti tutù lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó fi ìborùn ara ẹ̀ wé e. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí omi fà, ó ní kí n gbé àpò òun wá. Ó tú u. Mo ti rò pé iṣu ni. Òkúta ni, òkúta òkè Ṣàbẹ, ó tó orí màlúù. Ó ní mo ti sọ fún òun lórí tẹlifóònù pé kò sí òkúta ní Èkó. Ó gbé e síbi tí omi ti jẹ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Mama, na correct stone be dis," Màmá Tími wí.

"Mẹ̀sí," ìyá mi fèsì. Sọ́ńdè fi ọwọ́ bo imú.

Kò tún dárúkọ ẹrù mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló tú u kó tó lọ. Mo di awọnlẹ̀, mo ti wọn ilẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà. Òkè ilé wa, Ọlọ́run ló gbé e kalẹ̀ kó tó dá wa. Ti Ajégúnlẹ̀, mo mọ ẹni tó mọ ọ́n. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ń bọ̀, èmi náà ru yanrìn kún un.

Sátidé tí mo kọ́kọ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó padà sílé, kò bi mí nípa omi rárá.

"Òkè ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá. Ó ti ga sí i."

Mo gbọ́ tó ń fi ohùn rara ròyìn fún gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ Ṣàbẹ, ohùn náà sì ń jáde nínú tẹlifóònù debi pé gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ní Apápá ń gbọ́ ọ: "Ẹ ò gbọ́? Ará òkè ni ọmọ mi, ní Èkó! Ará òkè gidi!"

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn mi. Mo yíjú sí wọn, mo tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe, mo ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi wí."